Ojú Tó Ń Là ní Ọjọ́ Jímọ̀

Ẹni tó bá mọ Rùkáyàt Abdulwaheed ní Ìkàrẹ́, kóòtù rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀. Kóòtù funfun ni, irú èyí táwọn òṣìṣẹ́ láàbù ń wọ̀, àmọ́ tirẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Ó le gbagidi. Bó bá bọ́ ọ tó gbé e lé àga, kóòtù náà á jókòó dè é títí yóò fi dé. Àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé e láràárọ̀ láti Ìkàrẹ́ lọ sí ọ̀nà Ọ̀kà a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé èrò méjì làwọn gbé, pé kí kóòtù di àwọn mú dáadáa. Rùkáyàt á rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n lọ bá Yèyé òun sọ ọ́ bí wọ́n bá láyà.

Yèyé rẹ̀ ni Hafsoh, tó ti ń ta sítáàṣì lọ́jà Ìkàrẹ́ kó tó lọ́kọ. Ẹ̀gẹ́ Ìwàrò-Ọ̀kà ló ń rà, ó ní ẹ̀gẹ́ ibòmíràn ń parọ́. Á bó o, á rin ín, á fi aṣọ sẹ́ ẹ, á jẹ́ kí omi rẹ̀ tòrò di ọjọ́ kejì, á wá da omi nù kúrò lórí ohun funfun tó sùn sísàlẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń fi sítáàṣì sí kóòtù ọmọ rẹ̀, ó sì ní ọ̀nà kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Aráyé a máa po sítáàṣì nínú omi tútù, wọn a wá da omi híhó lé e kí ó lè jinná. Hafsoh náà á ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá jinná tán tó lọ wọ́ọ́rọ́, á tún bu ẹ̀kúnwọ́ sítáàṣì tútù kan, tí kò jinná, dà sí i, á rò ó pọ̀ kó tó ki aṣọ bọ̀ ọ́. Wọ́n bi í léèrè ìdí. Ó ní jíjinná ló ń mú aṣọ le, tútù ló ń mú un funfun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní irọ́ ni. Hafsoh kọ ẹ̀gbẹ́ òsì sí wọn. Etí òsì rẹ̀ ti di látìgbà èwe, ẹ̀gbẹ́ òsì náà ló sì ń kọ sí ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn ló ń tẹ orí sápá ọ̀tún fún, kí etí rere lè gbọ́ ọ.

Ọdún méjìlélógún ni Rùkáyàt ti ń ṣiṣẹ́ ní láàbù físíìsì ní ilé-ìwé gíga kan lọ́nà Ọ̀kà. Kì í ṣe olùkọ́, kò sì pe ara rẹ̀ lólùkọ́. Gíláàsì ló ń fọ̀. Àwọn gíláàsì pẹlẹbẹ ni, wọn ò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Á fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, á fi sípírítì ṣàn wọ́n, á tò wọ́n kí wọ́n gbẹ. Ìwé òfin láàbù ní bébà kan tó ń ti òkè òkun wá, tí kì í yọ ìhùhù, ni kí wọ́n fi máa nù wọ́n. Rùkáyàt á fi bébà náà nù ún lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, á wá fi etí kóòtù rẹ̀ nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilé ló ti kọ́ ọ. Hafsoh ní èèyàn kì í gbé ife omi fún àlejò láìfi aṣọ mímọ́ tó wà lára ẹni nù ún kẹ́yìn, pé ọ̀wọ̀ ni. Odidi ọdún méjìlélógún, kò sẹ́ni tó rí i, kò sì sẹ́ni tó bi í.

Ní oṣù kejìlá ọdún tó kọjá ni ẹ̀rọ tuntun dé. Dókítà Dáramọ́lá, ọ̀gá láàbù, ló tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń kọ́ni nílùú òyìnbó. Tẹjúmádé, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé lábẹ́ rẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ lè jó nígbà tí wọ́n tú àpótí pákó rẹ̀. Ẹ̀rọ àtijọ́ wọn kàn ń sọ iye ìmọ́lẹ̀ tó jáde ni. Ti tuntun yìí ń ya àwòrán ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti jáde gan-an sójú kọ̀ǹpútà, bó ti wù kí ibẹ̀ kéré tó.

Iṣẹ́ Tẹjúmádé kò ṣòroó sọ, ṣíṣe rẹ̀ ló ń pa èèyàn. Ìmọ́lẹ̀ lésà ẹ̀rọ náà, ojú ọmọ ènìyàn kò lè rí i. Bó bá bọ́ sínú ohun tó gbà á, ẹyọ méjì nínú rẹ̀ á so pọ̀ di ẹyọ kan tó lágbára ìlọ́po méjì, á sì jáde ní àwọ̀ ewé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ti ìmọ́lẹ̀ náà kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan ló gbà á. Nǹkan tí inú rẹ̀ bá rí bákan náà lọ́tùn-ún lósì, ohun tí apá ọ̀tún bá gbé jáde, apá òsì á pa á rẹ́. Gíláàsì lásán kò lè mú irú ìmọ́lẹ̀ yìí jáde. Ohun tí Tẹjúmádé ń ṣe ni pé ó ń fín èròjà kan tí wọ́n ń rí lára síńkì sójú gíláàsì, ní ìpele tó fẹ́lẹ́ débi pé èèyàn á la irun orí kan sí ẹgbẹ̀rin ọ̀nà kó tó rí irú rẹ̀. Nǹkan tó fẹ́lẹ́ tó báyẹn, ìmọ́lẹ̀ ewé tó ń jáde lára rẹ̀ kì í tó nǹkan. Ọdún mẹ́ta ni ọmọbìnrin náà fi wá ọ̀nà tí yóò fi pọ̀ sí i. Ó yan án nínú iná ìléru, ó dín iná kù, ó fi kún un, ó mú kí ojú rẹ̀ hu kókó wẹ́wẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ lè há sí láàárín. Ó tún kọ́ bí èèyàn ṣe lè yí ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé, kí èyí tó ń jáde lè lọ sókè tàbí kó wálẹ̀ bó ṣe wù ú. Ó rí i ṣe. Ìmọ́lẹ̀ náà di ìlọ́po ogójì. Ní Etioro, bàbá rẹ̀ ti so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ de ọjọ́ tí yóò gbèjà ìwé rẹ̀ níwájú àwọn olùyẹ̀wò, ní oṣù kejì.

Ohun kan ló kù tó gbọ́dọ̀ dúró ṣinṣin. Láràárọ̀, kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ Tẹjúmádé sábẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n á kọ́kọ́ gbé gíláàsì òfo síbẹ̀, kí ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Bó bá ṣókùnkùn, ó dájú pé ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n bá rí lẹ́yìn náà, ti Tẹjúmádé ni. Rùkáyàt ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Á fa aṣọ dúdú bo fèrèsé, á wò ó, á kọ "òfo" sínú ìwé. Iṣẹ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni gbogbo ọdún mẹ́ta yẹn dúró lé.

Hafsoh kò rí ẹ̀rọ náà. Ní oṣù kẹwàá, ní ọjọ́ Alámìísì kan, ó fi sítáàṣì sí kóòtù mẹ́ta, ó lọ̀ wọ́n, ó tò wọ́n sórí ìbùsùn ọmọ rẹ̀. Ìyókù sítáàṣì inú agolo ló lò tán sí wọn. Ó ní òun á ra ẹ̀gẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ Jímọ̀ mọ́, wọ́n bá a lórí ẹní ìkírun, ó ti lọ. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Rùkáyàt wọ kóòtù àkọ́kọ́, ó dọ̀tí, ó fọ̀ ọ́. Ó wọ ìkejì, ó dọ̀tí, ó rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ. Ìgbà tí omi náà funfun bí omidùn ló tó yé e pé iṣẹ́ ọwọ́ Yèyé lòun ń fọ̀ dànù. Ó jókòó ti ike náà, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ra sítáàṣì lọ́jà fún àwọn kóòtù rẹ̀ tó kù, ó sì ń sè é bí aráyé ṣe ń sè é. Ìkẹta nínú iṣẹ́ ọwọ́ Yèyé, inú ọ̀rá ló wà. Ìgbà tí iṣẹ́ wọlé lẹ́yìn ọdún tuntun ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú un wọ̀, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan, torí Jímọ̀ ni Yèyé lọ. Bó bá délé, á dá a padà sínú ọ̀rá. Kò fọ̀ ọ́ rí.

Ní Jímọ̀ kejì nínú oṣù kìíní, kùrukùru ọyẹ́ bo Òkè Ọ̀kà débi pé èèyàn ń gbọ́ ìró tírélà tó ń sọ̀ kalẹ̀ láìrí i. Rùkáyàt nìkan ló tètè dé láàbù. Ó fọ gíláàsì òfo, ó nù ún bó ṣe ń nù ún, ó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ, ó fa aṣọ dúdú. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni, inú yàrá ṣú biribiri. Ó tan lésà. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà nǹkan là níbẹ̀.

Ojú ni. Méjì-méjì ni wọ́n wà, wọ́n ní àwọ̀ ewé, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ ló pín ọ̀kan sí ìkejì. Ó kà wọ́n, wọ́n jẹ́ mọ́kànlá ní méjì-méjì. Wọn ò mira, wọn ò ṣẹ́jú. Rùkáyàt rò pé ẹ̀rọ ló fẹ́ bàjẹ́, ó na ọwọ́ sí òrùka tí wọ́n fi ń yí ìmọ́lẹ̀, ó yí i díẹ̀. Gbogbo ojú náà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tún yí i. Wọ́n tún tẹ̀ sí i. Apá ọ̀tún ni gbogbo wọn tẹ̀ sí, bí ẹni tó fẹ́ fi etí rere gbọ́ ohun tó máa sọ.

"Yèyé?" Kó tó mọ̀, ó ti sọ ọ́.

Ó pa lésà, ó ṣí aṣọ fèrèsé, kùrukùru ló bá níta. Ó wo gíláàsì òfo náà síwá sẹ́yìn, kò rí nǹkan kan lára rẹ̀. Ó fọ òmíràn, ó nù ún, ó gbé e sí i. Ojú tún là. Nígbà tó yá, ó ṣí ìwé, ó mú bírò. Òfo ló kọ.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí kò pariwo. Ta ló fẹ́ pariwo lé ìyá rẹ̀ lórí? Nígbà tó di Ọjọ́ Ajé, ó tún wò ó, ó ṣókùnkùn. Títí di Alámìísì, ó ṣókùnkùn. Ó di Jímọ̀, ojú là, wọ́n ti di mẹ́rìnlá. Lọ́jọ́ yẹn kò tètè pa lésà. Ó fa àga, ó jókòó tì wọ́n, ó sọ fún wọn pé Kamaldeen, ọmọ òun, ti parí ìsìnrú ìlú, kò sì tíì ríṣẹ́. Ó sọ pé igi ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé ti wó. Ẹ̀rù ń bà á, inú rẹ̀ sì ń dùn, àwọn méjèèjì kò sì bá ara wọn jà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọ òfo.

Bó ṣe jáde, ó bá Bàbá Zacchaeus, ọlọ́dẹ ilé náà, lẹ́nu ọ̀nà. Àgbàlagbà ará Ikun ni, ó ti ń ṣọ́ ilé náà látìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ó bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn. Rùkáyàt ní àdúrà lòun ń gbà. Bàbá náà wò ó, ó wo ilẹ̀.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ló wí. "Jímọ̀ méjì rèé tí mo ti ń gbóòórùn omi ẹ̀gẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí. Kò sì sẹ́ni tó ń rin ẹ̀gẹ́ níbí."

Ìyẹn ló wá fi èdìdì dì í fún un. Kò tún ṣiyèméjì mọ́, Yèyé ni.

Ní Jímọ̀ kẹta tí ojú ń là, kò gbọ́ ìgbà tí Tẹjúmádé wọlé. Ó ti kọ òfo tán, ó ń yí òrùka lọ́wọ́, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, àfi bó ṣe gbọ́ tí ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Inú Tẹjúmádé kọ́kọ́ dùn, ó rò pé iṣẹ́ òun kan ló ń tàn bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ka àmì tó wà létí gíláàsì, ti òfo ni. Ó tún un kà. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà.

Ó bi Rùkáyàt bóyá ó ti ṣe báyìí rí. Rùkáyàt ní rárá, ó ní kó wo ìwé, òfo ló wà níbẹ̀. Tẹjúmádé wò ó, ó rí òfo, òfo, òfo.

"Ìyá Kamaldeen, kí lẹ fi nu gíláàsì yìí?"

"Bébà ni."

Irọ́ di méjì. Tẹjúmádé gbé orí lé eékún, ó sunkún bí ọmọdé, Rùkáyàt sì dúró tì í pẹ̀lú kóòtù Yèyé lọ́rùn. Nígbà tí Dókítà Dáramọ́lá dé, kò bínú, kò sì gbé ohùn sókè. Ó ní bí òfo bá lè tàn, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń tàn mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún ìgbèjà náà síwájú nítorí ìyanṣẹ́lódì, àmọ́ bí wọn kò bá rí ìdí ojú yìí kí ó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun á kọ̀wé sí olùyẹ̀wò pé kó má wá. Ọdún mìíràn nìyẹn, ó kéré tán. Tẹjúmádé ní òun kò ní ọdún mìíràn nínú ara òun mọ́.

Rùkáyàt kò lè jẹun ní òpin ọ̀sẹ̀ náà. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kọ́ ló pe Yèyé wá, pé òkú kì í béèrè àyè kó tó wá wo ọmọ rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó ń ká híjáàbù dúdú tó wọ̀ ní Jímọ̀ láti kó o pamọ́. Ó rí ìlà funfun kan ní ibi tí ọrùn kóòtù ti ń ha á. Ó gbọ̀n ọ́n, kò lọ. Ó fi ìka méjì mú un, ó fi wọ́n ra ara wọn. Ó yọ̀, ó sì ń dún ṣín-ín-rín lábẹ́ ìka.

Ẹni tí wọ́n bí sídìí sítáàṣì kò lè ṣi ohùn yẹn mọ̀. Sítáàṣì tó jinná kì í dún, ńṣe ló ń ṣí bí èèpo. Tútù nìkan ló ń dún bẹ́ẹ̀. Rùkáyàt mú kóòtù náà nínú ọ̀rá, ó gbọ̀n ọ́n síwájú fèrèsé, ìyẹ̀fun wẹ́wẹ́ dìde lára rẹ̀ nínú oòrùn. Ó gbé e sí imú. Bó ṣe gba ooru ara rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, òórùn omi ẹ̀gẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ tútù Yèyé nìyí. Etí kóòtù tó fi ń nu gíláàsì kẹ́yìn nìyí.

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn pé kì í ṣe òkú. Kò dùn rárá. Ńṣe ló dà bíi pé Yèyé tún ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi òun. Bó bá dákẹ́, tó ń wọ kóòtù tí wọ́n fi sítáàṣì ọjà sí, òfo á di òfo padà, Jímọ̀ kan á sì wà tí kò ní sẹ́nikẹ́ni nítòsí, tí òun á mú kóòtù Yèyé jáde. Ṣùgbọ́n Tẹjúmádé ti fojú rí i. Ohun téèyàn fojú rí tí kò mọ ìdí rẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá, àmọ́ ewúrẹ́ Etioro á ti kú dè é.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ó gbé kóòtù náà lọ nínú ọ̀rá. Ó bá Tẹjúmádé àti Dókítà ní láàbù, kò jókòó.

"Mo parọ́," ó ní. "Etí kóòtù yìí ni mo fi nu gíláàsì òfo. Ó ti tàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni mo kọ òfo."

Tẹjúmádé kọjú sí i. "Ẹ rí mi, Ìyá Kamaldeen. Ẹ rí bí mo ṣe sunkún."

"Mo rí ọ, ọmọ mi. Mo rò pé Yèyé mi ni."

Ó wá ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí ẹ̀kúnwọ́ tútù dé orí orí tó tẹ̀ sápá ọ̀tún. Dókítà Dáramọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó gbọn díẹ̀ lára kóòtù náà sórí gíláàsì mímọ́. Wọ́n fa aṣọ dúdú, wọ́n tan lésà, ojú sì là kárí gbogbo rẹ̀, ó ju ogójì lọ. Bàbá Zacchaeus tó yọjú láti ẹnu ọ̀nà padà sẹ́yìn. Dókítà ní inú hóró sítáàṣì tútù tò jáde láti àárín bọ́ sí etí, ní ìpele ìpele, ìdí nìyẹn tó fi gba ìmọ́lẹ̀ náà mọ́ra, tó sì ń yí bí wọ́n bá yí òrùka. Bó bá jinná, ètò inú rẹ̀ á dàrú, kò sì ní tàn mọ́. Ó ní iṣẹ́ Tẹjúmádé kò ní àbùkù, torí gbogbo rẹ̀ ló gba inú ìléru kọjá, kò sì sí sítáàṣì tó lè ti inú iná yẹn jáde láàyè. Ó wá bi Rùkáyàt pé ta ló kọ́ ìyá rẹ̀ láti máa fi tútù kún un. Rùkáyàt ní kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Ó ku ẹ̀rí kan. Dókítà ní olùyẹ̀wò á béèrè, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé nǹkan mìíràn ni. Kóòtù kan náà, ọwọ́ kan náà, etí kan náà, kí ohun tó máa yàtọ̀ má ju pé sítáàṣì ti kúrò lára rẹ̀ lọ. Tẹjúmádé, tó ti ń bínú lọ́wọ́, ló sọ pé kí wọ́n gé etí rẹ̀ nìkan fọ̀. Rùkáyàt ni kò gbà. Ó ní bí òun ṣe ń wọ̀ ọ́ tí òun fi ń nù ún, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kó rí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyẹ̀fun ara yòókù á tún bọ́ sí i, ẹjọ́ kò ní parí.

Ó fọ̀ ọ́ nínú bàsíà láàbù, òun nìkan. Omi àkọ́kọ́ funfun. Ó dúró tì í díẹ̀ kó tó dà á nù. Omi kejì funfun díẹ̀. Omi kẹta mọ́ gaara. Ó sunkún, kò sì fi pamọ́. Nígbà tí kóòtù náà gbẹ nínú oòrùn ọyẹ́, ó ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ó wọ̀ ọ́, ó fọ gíláàsì òfo, ó fi etí rẹ̀ nù ún. Wọ́n tan lésà.

Ó ṣókùnkùn. Tẹjúmádé dì mọ́ ọn lọ́rùn, ó ń dúpẹ́, ó ń tọrọ àforíjì, Rùkáyàt sì ń wo ojú kọ̀ǹpútà dúdú náà láti orí èjìká rẹ̀.

Tẹjúmádé gbèjà ìwé rẹ̀, wọ́n jẹ ewúrẹ́. Gíláàsì tí wọ́n gbọn sítáàṣì sí lọ́jọ́ náà, Dókítà ní kí wọ́n má dà á nù. Ó ní bí ó ṣe yẹ kí èèyàn ní gíláàsì tí kò gbọdọ̀ tàn, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó ní èyí tó gbọ́dọ̀ tàn, kí wọ́n lè máa mọ̀ láràárọ̀ pé ojú ẹ̀rọ mọ́. Wọ́n bi Rùkáyàt ní orúkọ tí wọ́n á kọ sí i. Ó ní Hafsoh.

Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún un ni pé lésà ń jẹ ẹ́. Ojoojúmọ́ tí wọ́n bá wò ó, hóró kan á rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀. Ojú tó ju ogójì di ọgbọ̀n, ó di méjìlá. Rùkáyàt bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó kíákíá, á sì pa lésà, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, torí ó mọ̀ pé wíwò òun ló ń pa á. Nígbà tó di oṣù kẹfà, ó ku mẹ́ta. Dókítà ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, sítáàṣì tútù ọjà èyíkéyìí á ṣiṣẹ́ náà. Rùkáyàt ní ó dáa. Ní ọjọ́ Sátidé, ó gba ọ̀nà Ìwàrò-Ọ̀kà lọ, ó ra ẹ̀gẹ́.

Kò ṣe é rí látìgbà tó ti gba iṣẹ́ láàbù. Ọwọ́ rẹ̀ bó nídìí rírin, aṣọ tó fi sẹ́ ẹ ya. Ó dúró kí omi tòrò, ó da omi nù. Ó se díẹ̀ fún kóòtù rẹ̀, nígbà tó lọ wọ́ọ́rọ́, ó bu ẹ̀kúnwọ́ tútù kan, ó dà á sí i, ó rò ó pọ̀. Ó bu díẹ̀ nínú tútù tó kù, tó ti gbẹ, sínú bébà, ó gbé e lọ sí láàbù.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fa aṣọ dúdú, ó gbọn díẹ̀ nínú bébà náà sórí gíláàsì Hafsoh, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta tó kù. Ó tan lésà, ojú là kárí. Ó wá èyí tí í ṣe ti Yèyé, kò dá wọn mọ̀. Ó yí òrùka láti lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, gbogbo wọn tẹ orí sápá ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà.

Rùkáyàt fa àga, ó jókòó tì wọ́n, ó sọ fún wọn pé Kamaldeen ti ríṣẹ́.